Omi Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ọwọ́ Odile wà lára ọmọ tuntun kan, ó ń fi òwú nu ìdodo rẹ̀. Fóònù gbọ̀n nínú àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ó jẹ́ kó gbọ̀n tán. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbé e, nọ́ọ̀sì," ni ìyá ọmọ náà wí láti orí ibùsùn. "Bóyá ọkọ yín ló ń wá yín."

"Mi ò ní ọkọ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹwà báyìí? Ojú àwọn ọkùnrin Parakou ti fọ́ nìyẹn."

Odile rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wé ọmọ náà dáadáa, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tàńtí Antoinette ni, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ lọ́jà Dassa. Tàńtí kì í pe èèyàn láàárọ̀, nítorí àárọ̀ ni ọjà rẹ̀ máa ń yá.

"Odile, ṣé o jókòó?"

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, Tàńtí. Kí ló dé? Ṣé Pàpá ni?"

"Bàbá rẹ wà lóko, ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Àlájì ni." Ohùn Tàńtí já. "Àlájì Ràmọ́nù. Wọ́n kírun òwúrọ̀ tán, wọ́n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ìṣe wọn, ni wọ́n bá ní orí ń fọ́ àwọn. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ilé-ìwòsàn, ó ti bọ́. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán òní ni wọ́n máa sin wọ́n."

Odile gbé ọwọ́ lé ògiri.

"Kàmọ́rù ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Mi ò rí omijé kankan lójú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Má sunkún níbẹ̀ o, ọmọ mi. Ibi iṣẹ́ lo wà."

Odile lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní òun fẹ́ gbàyè lọ sílé, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́. Ta ló kú sí ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Odile, kò rí orúkọ tí yóò pè é. Bàbá ọkọ kọ́. Bàbá àfẹ́sọ́nà kọ́, nítorí wọ́n ti dá obì padà láti ọdún tó kọjá. Ọkùnrin náà kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe ọmọ ìjọ.

"Ará àdúgbò wa kan ni," ló sọ níkẹyìn.

"Bó bá jẹ́ ará àdúgbò, wàá fara dà á. Ìkọ́ṣẹ́ rẹ kù díẹ̀ kó parí, o kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ jẹ báyìí."

Odile padà sí yàrá àwọn abiyamọ. Nígbà tí aago ìrun ọ̀sán tó, ó dúró lójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, níbi tí Dassa wà lọ́nà jíjìn, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ irin rẹ̀ títí ẹnì kan fi pè é pé omi tí wọ́n fà sí aláìsàn kan lára ti tán.

*

Ibi ìrìn-àjò mímọ́ ní Arigbo ni ó ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, ní oṣù Ògọ́sítì ọdún tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sábẹ́ àgọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí wọ́n máa tọ́jú àwọn tó bá rẹ̀ tàbí tó bá fara pa. Èèyàn pọ̀ bí eṣú. Ìyá arúgbó kan tó ti fi eékún wọ́ dé iwájú ihò àpáta Màríà Wúńdíá ni wọ́n gbé wá, eékún rẹ̀ méjèèjì ti bó, iyẹ̀pẹ̀ kún inú ẹran ara. Odile ṣí àgbá omi wọn. Ó ti gbẹ.

Ó sáré kọjá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti páànù. Bàbá kan tó wọ fìlà funfun jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá. Ó ti fọ ẹsẹ̀ kan, èkejì ṣì gbẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi. Màmá kan fara pa."

Bàbá náà wo ẹ̀wù funfun rẹ̀ àti àgbélébùú kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó na búútà aláwọ̀ búlúù ọwọ́ rẹ̀ sí i.

"Gbà."

"Ẹ ò tíì parí, Bàbá."

"Èmi lè dúró. Màmá yẹn kò lè dúró. Kàmọ́rù! Gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan tẹ̀ lé ọmọ yìí. Ìwọ, gbọ́ o, ìwọ fúnra rẹ ni kí o dá búútà mi padà. Má rán ẹnikẹ́ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde wá ga, ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé èjìká. Nígbà tí Odile ń fọ eékún ìyá náà, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a da omi sí i.

"Ṣé omi mùsùlùmí kò ní ba ìrìn-àjò yín jẹ́ báyìí?"

"Máa da omi, má sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́, ọ̀gá mi."

Ìyá arúgbó náà, pẹ̀lú gbogbo ìrora rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì Odile dá búútà padà, ó sì mú ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá dání, nítorí olùkọ́ wọn ní kí wọ́n máa fi ara àwọn èèyàn wọn kọ́ṣẹ́. Àlájì na apá. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ga, Bàbá."

"Ọmọ yìí ló ń gbé e ga," ni Àlájì wí, ó na àgbọ̀n sí Kàmọ́rù. "Tó bá ti gbéyàwó, á walẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Àlájì ti ń pè é ní "nọ́ọ̀sì mi". Bí Odile bá dé láti Parakou, ibi bẹ́ǹṣì yẹn ni yóò kọ́kọ́ yà, yóò wọn ìfúnpá Àlájì, yóò bá a jà nítorí iyọ̀, Kàmọ́rù yóò sì bá a gbé àpò rẹ̀ dé ibi tí yóò ti rí alùpùpù tí yóò gbé e lọ sí Kèrè, abúlé bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, Kàmọ́rù kì í fi í sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Òun náà ló ń gbé e dé orí òkè tí èèyàn ti lè rí òrùlé páànù ilé bàbá rẹ̀, yóò wá padà kí ará Kèrè tó rí i.

Lórí òkè náà ló ti bi í léèrè, wọ́n jókòó sórí àpáta tí oòrùn ti mú gbóná.

"Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi wá kí àwọn èèyàn rẹ."

"Katikíìsì ni Pàpá mi. O mọ̀."

"Bàbá tèmi kì í pa ìrun jẹ. Àwọn méjèèjì ló ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní ìdájí. Kí wọ́n jọ bi í."

"O ń ṣàwàdà."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, mo máa ń ṣàwàdà."

Tàńtí Antoinette ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún Ignace, bàbá Odile. Ọjọ́ púpọ̀ ló fi lọ, ló fi bọ̀. Ignace ní kí ni àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ ní katikísìmù yóò wí. Tàńtí ní àwọn ọmọ yẹn kò lè ka Àdúrà Olúwa já, kí ni wọ́n fẹ́ wí? Ignace ní ta ni yóò so wọ́n pọ̀. Tàńtí ní òun ti bi Fadá, Fadá ní ó ṣeé ṣe. Níkẹyìn, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí àgbàdo ń hó lórí iná, Ignace wò sínú iná náà pẹ́.

"Suzanne ìbá ti gbà," ló wí. Suzanne ni ìyá Odile, tó ti kú látìgbà tí ọmọ náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. "Kí wọ́n wá. Kí wọ́n wá ní ọjọ́ Ìgòkè-re-Ọ̀run Olúwa. Mi ò ní lọ sóko lọ́jọ́ yẹn, màá lè gbàlejò bó ṣe yẹ."

*

Ní Kèrè, omi ni wọ́n fi ń kí àlejò kó tó sọ ohun tó bá wá. Àlejò lè yó, omi lè ti kún inú rẹ̀, yóò ṣáà fi ètè kàn án. Ẹni tó bá da omi náà nù ti sọ pé òun kò bá àlàáfíà wá.

Ọjọ́ náà, inú ilé ìdáná lẹ́yìn ilé ni Odile wà, nítorí ọmọbìnrin tí wọ́n wá tọrọ kì í jókòó síbẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Àlájì, ó gbọ́ ti àbúrò rẹ̀, Bùráímọ̀, tó wá láti Savè. Ó gbọ́ tí bàbá òun ń kí wọn, ohùn rẹ̀ gbóná bí ti ọjọ́ Kérésìmesì. Lẹ́yìn náà ohùn náà tutù. Kò mọ ìdí. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi lọ.

"Wá wo ibí yìí," ni Ignace pè é.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn kékeré tó wà nínú ọgbà, èyí tí Suzanne gbìn kó tó kú. Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ tutù ní ibì kan.

"Mo fi ọwọ́ ara mi bu omi fún un. Bùráímọ̀ mu tirẹ̀. Àlájì gba igbá, ó dúpẹ́, ó gbé e kalẹ̀. Mo wọlé lọ mú obì. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó dìde, tó da omi mi sí ibí yìí. Síbí yìí, Odile. Sí ìdí igi ìyá rẹ."

"Bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, Pàpá."

"Mo bojú wo inú igbá kí n tó gbé e fún un." Ó na ọwọ́ sí ibi tútù náà. "Ẹni tí kò lè mu omi mi, ṣé oúnjẹ tí ọmọ mi bá sè ni yóò lè jẹ? Omi ilé wa kò mọ́ fún un. Kò burú."

Tàńtí ló gbé obì tí wọ́n mú wá padà fún wọn. Ignace kò sọ ìdí fún òun náà, ó kàn ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé ṣe. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń là mọ́ni lójú.

Nígbà tí Kàmọ́rù wá bá Odile ní Parakou, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Wọ́n ní nítorí pé a jẹ́ mùsùlùmí ni. Bẹ́ẹ̀ ni?"

Odile fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ omi náà. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ ka ilé wa sí ohun àìmọ́? Ó rò pé bí òun bá dákẹ́, òun ń dáàbò bo Kàmọ́rù ni.

"Jẹ́ ká fi sílẹ̀ báyìí, Kàmọ́rù."

"Ṣé ìwọ náà gbà pẹ̀lú wọn?"

Odile yíjú kúrò lára rẹ̀. Kàmọ́rù dúró pẹ́ níwájú ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ. Ó pè ní ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Odile máa ń wo orúkọ rẹ̀ lójú fóònù títí yóò fi pa. Nígbà tó yá, Tàńtí ní ẹbí Kàmọ́rù ti ń dárúkọ Àìná, ọmọbìnrin oníṣòwò kan láti Savè, pé kó fẹ́. Láti ìgbà náà, bí Odile bá dé láti Parakou, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà, kó má baà kọjá níwájú bẹ́ǹṣì Àlájì.

*

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìròyìn náà, tí kò ní iṣẹ́, ó wọ taksí wá sí Dassa. Tàńtí Antoinette ló mú un wọ ilé àwọn olókùú. Ràhímọ́tù, àkọ́bí Àlájì, jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, ìbòrí rẹ̀ bò ó dé igbáàyà.

"Ẹ kú ìrójú," ni Odile wí, ó kúnlẹ̀. "Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín." Ràhímọ́tù kò wo ojú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì dé. Aláìsàn ti lọ."

"Ràhímọ́tù," ni Tàńtí wí jẹ́jẹ́.

"Kí ni mo sọ? Wọ́n ń béèrè rẹ̀ ni. Títí oṣù tó kọjá, wọ́n á ní 'nọ́ọ̀sì mi kò tíì wá wọn ẹ̀jẹ̀ mi'. Mo ní Bàbá, ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn ń dúró dè é."

Odile tẹrí ba. Omijé rẹ̀ ń já sórí ẹní, kò nù ún. Nígbà tó ṣe, Ràhímọ́tù wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ti sunkún tó láti mọ èyí tó ti inú wá.

"Wọn ò jìyà pẹ́," ló wí. "Mo ṣáà fẹ́ kí wọ́n mu omi. Orí ń fọ́ wọn, ẹnu wọn gbẹ, mo bu omi, mo ní Bàbá, ẹ mu díẹ̀, Ọlọ́run á forí jì yín. Wọ́n mi orí. Àlàmísì ni. Wọ́n kú tààwẹ̀-tààwẹ̀."

"Ààwẹ̀?" Odile gbójú sókè. "Ààwẹ̀ Ramadan ti tán."

"Kì í ṣe ti Ramadan. Tiwọn ni. Gbogbo Àtìní, gbogbo Àlàmísì, láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Èmi nìkan ló mọ̀ dáadáa, torí èmi ni mo ń se oúnjẹ ìṣínu wọn. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá polówó rẹ̀, kí ló kù tí àwọn fún Ọlọ́run?"

"Bí wọ́n bá lọ kí èèyàn ńkọ́?" Odile gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. "Bí wọ́n bá fún wọn lómi?"

"Wọ́n á gbà á, wọ́n á dúpẹ́. Bí onílé bá yíjú, wọ́n á wá igi kan, wọ́n á dà á sí ìdí rẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún onílé. Wọn ò lè da omi olómi sílẹ̀ lásán." Ràhímọ́tù fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mo máa ń fi wọ́n ṣẹlẹ́yà pé igi gbogbo ní Dassa ló mọ̀ wọ́n."

Ọjọ́ Ìgòkè-re-Ọ̀run. Ọjọ́bọ̀ ni, Àlàmísì. Ọdọọdún ni ó ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Odile ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ó dìde, kò mọ bó ṣe dé àgbàlá. Ó ń rántí ẹsẹ̀ gbígbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tútù kan. Ọkùnrin tó gbé omi àlùwàlá ọwọ́ rẹ̀ fún un kó fi fọ eékún ìyá kan tó wá kí Màríà, báwo ni òun ṣe gbà gbọ́ pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí omi Kèrè bí ohun ẹlẹ́gbin? Òun ló mọ̀ ọ́n jù ní ilé wọn. Òun ni ìbá gbẹnu sọ fún un.

Kàmọ́rù wà níbi kànga, ó ń fọ búútà búlúù náà. Ó ti rù. Odile sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, láìsinmi, kí ìgboyà rẹ̀ má baà tán: omi, ojú fèrèsé, igi ọsàn, ohun tí bàbá òun wí, ààwẹ̀ tí Ràhímọ́tù ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn. Kàmọ́rù gbé búútà kalẹ̀.

"O mọ èyí láti ọdún tó kọjá?"

"Mi ò mọ̀ nípa ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ni mo mọ̀."

"O mọ̀, o ò sọ fún mi."

"Mo rò pé á dùn ọ́ jù."

"Bàbá máa ń bi mí, Odile. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n á ní, 'Kàmọ́rù, kí ni mo ṣe fún katikíìsì? Ṣé mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò dára ni?' Mo ní rárá o, Bàbá, wọn ò fẹ́ràn wa ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gbà mí gbọ́." Ohùn rẹ̀ fọ́. "Ọ̀rọ̀ kan péré. Ká ní o sọ ọ́ fún mi ni, ǹ bá bi wọ́n, wọn ìbá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ìbá tán."

"Mo mọ̀."

"Máa lọ. Jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mi ò ní lè kó padà."

*

Ní Kèrè, Ignace jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Odile jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́. Kò fi ohunkóhun sí i, kò yọ ohunkóhun kúrò. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Ta ló yan ọjọ́?" ló béèrè.

"Pàpá..."

"Èmi ni mo yan ọjọ́. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọjọ́ ọdún." Ó wo igi ọsàn náà. Láti ìgbà náà ni kò ti bomi rin ín, ewé rẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀ka kan ti gbẹ pátápátá. "Mo fún un lómi, mo sì wá ń ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé bí olè. Kí ló dé tí mi ò bi í? Ó jókòó níwájú mi. Ẹnu wà lára mi."

"Èmi náà ò béèrè."

"Ìwọ, ọmọ ni ọ́." Ó dìde, ẹ̀wà dà sílẹ̀, kò ṣà á. Ó wọ inú yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Odile ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ibẹ̀, ó ń gbàdúrà fún òkú, ó ń dárúkọ Ràmọ́nù láàárín àdúrà tí kò tíì ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú rí.

Nígbà tó padà sí Parakou, ó tún lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì.

"Mo fẹ́ gbàyè ní Ọjọ́bọ̀, Màdámù. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni."

"Ti ará àdúgbò yẹn?"

"Mo ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ọkọ mi ni."

Kò mọ̀ bóyá irọ́ ni. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó ní kó lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ní ilé Àlájì ní Dassa, àdúrà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí alùpùpù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ignace sọ̀ kalẹ̀, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí pẹpẹ. Bùráímọ̀ dìde láti orí àga.

"Katikíìsì. Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá kí yín kú àṣẹ̀yìndè. Mo sì wá tọrọ omi."

"Omi? Ẹ dá obì wa padà, ẹ wá ń tọrọ omi wa?"

"Ẹ jọ̀ọ́."

Ẹnikẹ́ni kò mira. Odile, láàárín àwọn obìnrin, di ọwọ́ Tàńtí mú. Nígbà náà ni Kàmọ́rù dìde, ó wọlé, ó gbé ife omi jáde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ignace gbà á, ó mu ún tán lórí ìdúró, ó kọjú sí àwọn èèyàn.

"Àlájì Ràmọ́nù wá sí ilé mi nínú ààwẹ̀," ló wí. "Ó da omi mi sí ìdí igi mi, ó ṣàdúrà fún mi. Èmi pè é ní ìwọ̀sí. Mo dá obì rẹ̀ padà, mo ba ọmọ rẹ̀ àti ọmọ mi lọ́kàn jẹ́. Mi ò lè sọ ọ́ fún un mọ́. Ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún."

Bùráímọ̀ jókòó padà.

"Èmi náà wà níbẹ̀. Mo mu omi tèmi, mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń gbààwẹ̀." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀bẹ̀ yín kàn ti lọ, katikíìsì. Èmi kọ́ ni màá dáhùn fún un."

Nígbà tí àdúrà parí, Kàmọ́rù sin Odile dé ibi tí bàbá rẹ̀ ń dúró.

"Mi ò tíì lè dárí jì ọ́ tán," ló wí, kò wò ó. "Bí mo bá sọ pé mo ti ṣe é, irọ́ ni."

"Mo gbọ́."

"Mo ti sọ fún wọn pé mi ò ní fẹ́ Àìná. Lóòótọ́ ni mo ń sọ fún ọ. Ọ̀fọ̀ yìí ń bẹ nílẹ̀, Bùráímọ̀ ní a ò ní sọ̀rọ̀ ìyàwó títí yóò fi pé ọdún. Ṣé wàá dúró?"

"Mo máa dúró."

Ignace ti gbọ́. Ó súnmọ́ wọn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Bí ọdún bá pé, tí ẹ bá ṣì fẹ́, ẹ wá. Ọjọ́ tó bá wù yín ni kí ẹ yàn. Èmi ò ní yan ọjọ́ mọ́."

*

Odile ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, ó sì yege. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jó, wọ́n da ìyẹ̀fun sí ara wọn lórí, wọ́n ya fọ́tò. Ó bá wọn ya fọ́tò náà. Nínú rẹ̀, òun nìkan ni kò wo ibi tí ẹ̀rọ wà. Kàmọ́rù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: *Bàbá ìbá ti pè ọ́ ní nọ́ọ̀sì mi lónìí.* Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ó kà á títí iná fóònù fi kú.

Ó padà sí Kèrè láti dúró de ibi tí wọ́n máa rán an lọ ṣiṣẹ́. Ògọ́sítì ti wọlé, àwọn tó ń lọ sí Arigbo ti ń kọjá lórí títì, orin wọn ń gòkè dé ibi òkè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ignace dé láti oko iṣu, òógùn bò ó, èèpẹ̀ gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Odile bu omi sínú igbá àlejò, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó dúpẹ́. Ètè rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n kò gbé igbá náà sẹ́nu. Ó rìn lọ sí ìdí igi ọsàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó da omi náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, ẹnu rẹ̀ ń mì láìsọ̀rọ̀ síta. Ó dúró títí ilẹ̀ fi mu ún tán.

"Ṣé ẹ ò ní mu ni, Pàpá?"

Ó dá igbá òfìfo náà padà fún un.

"Ọjọ́bọ̀ ni," ló wí, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó sì padà sóko.